Iná Orí Ilẹ̀kùn Ń Ṣàìsàn

Ọmọ mi àtàtà,

Èmi bàbá rẹ, olórí ilé, ọ̀gá gbogbo ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ títí kan àwọn adìyẹ, ni mo gbé kálàmù yìí. Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí àkàbà gíga tí o ń gùn. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní yẹ̀, iná kò ní gbé ọ, ẹni tó ń bá ọ di àkàbà mú kò ní gbàgbé rẹ sókè kó lọ jẹun. Àmín.

Àlàáfíà la wà, àfi iná tí o kàn sókè ilẹ̀kùn pálọ̀ lọ́jọ́ tí o ń lọ. O ní irú rẹ̀ lẹ ń kàn sínú àwọn ilé gogoro, pé bí iná bá lọ, òun á tàn fúnra rẹ̀ kí èèyàn lè rí ọ̀nà jáde, àti pé bí ara rẹ̀ kò bá yá, láìlo wáyà rárá, á ránṣẹ́ sí yín lọ́fíìsì, ẹ ó sì wá wò ó. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Láràárọ̀ ni mo ń dúró níwájú rẹ̀ bá ọ sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé ewúrẹ́ ti bí ìbejì, pé òrùlé ẹ̀yìn ń jò, pé láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, àga kejì kò rí ẹni jókòó sí i. Bí n kò bá gbọ́ èsì, mo máa ń tún un sọ díẹ̀díẹ̀, bóyá mo ń sáré jù fún un. Télọ̀ ojúlé kejì gbọ́, ó ní ta ni bàbá ń bá jà. Mo ní kó rọra o, ọ́fíìsì ń gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ ṣòfófó, ìta ló ń dúró.

Síbẹ̀ o kò dé. Mo wá rò ó pé ara iná náà ló le jù. Aláìsàn là ń wá wò. Ni mo bá gun àga, mo yọ bátìrì inú rẹ̀, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Ojú rẹ̀ kékeré tó máa ń tàn wá ṣókùnkùn. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí o rà fún mi, mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, mo kọjú sí títì. Bí mọ́tò bá ti ń bọ̀, mo ń dìde. Gbogbo wọn ló ń kọjá lọ.

Fi owó oògùn rẹ̀ ránṣẹ́. Àbí kí o kúkú mú un wá fúnra rẹ, a kì í fi oògùn aláìsàn rán dírẹ́bà. Elédùmarè á ṣọ́ ọ, ojú ọ̀nà rẹ kò ní ṣókùnkùn.

Bọ̀dá mi, èmi àbúrò yín obìnrin ni o. Bàbá ò mọ̀ pé mo kọ lẹ́tà yìí, ohùn wọn ni mo sín jẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo kọ, wọ́n ṣe é. Wọn ò jẹ́ bẹ̀ yín kẹ́ ẹ wá, iná ni wọ́n ń bẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sí ọ́fíìsì kankan tí iná tiwa yìí ń ránṣẹ́ sí, ẹ kàn sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè fi ọwọ́ yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ ráyè wọ mọ́tò ni. Mi ò lè sọ fún wọn. Wọ́n ti fọ aṣọ tí ẹ rà fún wọn yẹn, wọ́n tún ti wọ̀ ọ́.