Ẹnu Ta Ni Èjì Yẹn Ti Jáde?

Ìkòsì, Kétu,
Èkó.
Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi Ruqoyah,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìdúró l'Ábẹ́òkúta, kó má bá yín lórí ìdùbúlẹ̀. Èmi náà ń mí, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò tíì jẹun kánú láti ọjọ́ Ajé.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi lọ́fíìsì àwọn tó ń ṣèwádìí oògùn. Ìwé ìbéèrè àwọn aláìsàn ni mo ń yà sọ́tọ̀ kí n tó tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà: èyí tí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ, èyí tí ará ilé rẹ̀ rí, èyí tí dókítà rí, àti èyí tí wọ́n ní kó ṣe lójú wọn, bíi kó rìn tàbí kó dìde lórí àga. Mo rò pé ìwé mẹ́wàá tí mo kà tó o ṣe.

Mama wa wà lára àwọn tó ń lo oògùn orúnkún tuntun yẹn. Èmi ni mo mú wọn lọ. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n fi nọ́ńbà sọ bí ìrora náà ṣe tó, láti òdo dé ẹ̀wá, ẹ̀wá ni èyí tó burú jù. Ẹ kúkú mọ Mama. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ta tàtàṣé ní Mile 12, ẹni tó bá béèrè ara wọn, "Alhamdulillahi, a dúpẹ́" ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n dáhùn. Nọ́ọ̀sì wojú mi. Mo ní, "Ẹ kọ èjì." Nígbà tí ìwé náà dé orí tábìlì mi, mo kó o mọ́ èyí tí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ. Ṣé ọmọ kì í gbẹnu ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni? Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ kí oògùn náà ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Dókítà Keziah, ọ̀gá wa, gbé ìwé méjì síwájú mi. Ọ̀kan ni ti èjì yẹn; ìkejì, èyí tí wọ́n ní kí Mama ṣe lójú wọn, ní Mama ò lè dìde lórí àga láìfọwọ́ ti ògiri. Ó ní, "Uncle Mutolib, ẹsẹ̀ tó ń ro ní èjì péré ni ò lè gbé arúgbó dìde? Ẹnu ta ni èjì yìí ti jáde?" Mo ní ẹnu Mama ni. Ó fi ìwé méjèèjì sílẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Bí èjì yẹn bá dúró, àwọn dókítà á ní oògùn náà ń ṣiṣẹ́, wọn ò ní yẹ ẹsẹ̀ Mama wò. Ìyá ẹlòmíràn tí mi ò mọ̀ rí á sì máa gbé e mì nítorí mi.

Lánàá, mo bi Mama nígbà tó ku àwa méjì. Mi ò fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Wọ́n ká ìró sókè. Ẹsẹ̀ wọn ti wú dé ojúgun. Wọ́n ní, "Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tí mo ti ń jókòó sórí àga kírun. Ìrora náà ti di ẹ̀jọ. Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á dá ẹ dúró lẹ́nu iṣẹ́."

Bí mo bá ti fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́, ọ́fíìsì ló kàn, èmi àti Mama. Mo máa yọ ìwé yẹn kúrò níbi tí mo kó o mọ́, mo máa sọ pé èmi ni mo sọ èjì. Mi ò mọ ohun tí Dókítà á fi mí ṣe. Mi ò mọ̀ bóyá mo ti pẹ́ jù lórí ẹsẹ̀ yẹn.

Ọlọ́hun á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ò ní fojú rí ibi ọmọ, a ò sì ní pàdánù Mama sọ́wọ́ àìsọ̀rọ̀.

Èmi àbúrò yín,
Mutolib.

Mo tún rántí: Mama rí mi tí mò ń kọ̀wé, wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ara àwọn le. Mi ò bá wọn kọ ọ́. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Tí wọ́n bá ní "a dúpẹ́," ẹ má tíì gbé fóònù sílẹ̀.