Ẹ Má Yin Ẹ̀jẹ̀ Wa Mọ́

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ìrọ́jú láti ìgbà tí Bàbá ti lọ. Mo kí àwọn àgbà ilé àti Àyìndé àbúrò mi. Èmi Àkànní yín ni, láti Parakou. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, kí gbogbo ilé wa ní Ṣábẹ̀ lè gbọ́ ọ.

Ọyẹ́ ti dé síbí, ètè mi ti là. Láàárọ̀ mo ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Lọ́sàn-án, a ó jọ lọ sí oko ilé-ìwé, ìjọba ló pa á láṣẹ. Kámáráàdì ni gbogbo ènìyàn ń pè mí, bí ìjọba ṣe ní ká máa pe ara wa. Ní gbogbo Ladjifarani, àdúgbò tí mò ń gbé, kò sí ẹni tó ń pè mí ní Àkànní. Ó ń dùn mí, Ìyá.

Lóko yẹn ni àdá ti bù mí lọ́wọ́ lọ́jọ́sí. Kí n tó wá aṣọ tí mo máa fi dì í, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Ẹ ṣáà mọ̀ pé nílé wa, bí ọkùnrin bá ṣèṣe tí ẹ̀jẹ̀ dá wàrà, ẹ máa ń kì í ní ọmọ ẹlẹ́jẹ̀ akin. Mo tẹ́tí sílẹ̀, n kò gbọ́ ohùn yín. Ni mo bá ń ki ara mi láàrin ebè, bíi wèrè.

Kò pẹ́ ni àyà dì mí gbágbá, tí apá òsì ń ro mí. Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó bi mí bóyá irú àyà dídì bẹ́ẹ̀ ti pa ẹnikẹ́ni nílé wa rí. Mo sọ ti Bàbá tó di àyà mú lóko tó sì kú, àti ti bàbá tó bí i. Mo wá fi ẹ̀jẹ̀ wa yangàn fún un. Ha! Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ohun tíntìntín kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń so mọ́ra láti dí ojú ọgbẹ́. Ó ṣeé ṣe kí a ti jogún èyí tó ń yára so mọ́ra jù, tó lè dí iṣan ọkàn níbi tí kò sí ọgbẹ́ rárá. Kò tíì dá a lójú, wọ́n ṣì ń wádìí rẹ̀. Ó fún mi lóògùn.

Ìyá, ẹ má fi ẹ̀sùn ikú Bàbá kan ará ilé kankan mọ́. Ẹ ti ránṣẹ́ sí mi pé Àyìndé náà ń di àyà mú bó bá gun òkè. Ẹ má dúró de àgbo. Ẹ fi í sínú ọkọ̀ ojú irin, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Owó oṣù kì í tètè jáde, àmọ́ iyàrá mi gba ẹni méjì. Ó sì wù mí kí ẹnìkan pè mí ní ẹ̀gbọ́n.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, títí dé ọmọ ọwọ́. Bí Àyìndé bá fi àdá gé ara rẹ̀ kó tó wọkọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ náà dá wàrà, ẹ jọ̀ọ́, Ìyá mi, ẹ má kì í. Ẹ tètè gbé e wá.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkànní