Ìbọn Ẹ̀yìn Ìlẹ̀kùn

Ẹ̀gbọ́n mi Lorna,

Mo kí yín ní Alaska, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti ń sàn díẹ̀. Junie ti pé ọdún mẹ́ta, kò sì sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dé.

Clint, àbúrò yín, ra ìbọn àlòkù kan, èyí tí wọ́n ń fa irin abẹ́ rẹ̀ kí ọta tó wọlé. Ọta ìbọn ìléwọ́ tí Bàbá fi sílẹ̀ bá a mu, òun ló sì ń lò. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn kíṣìnnì ló gbé e sí, bíi ti Bàbá.

Mo ní kó yọ ọta inú rẹ̀. Ó ń fa irin náà, ọta ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí nǹkan kan ò jáde mọ́.

“Ó ti ṣófo, ìyá Junie. Jẹ́ kí n jẹun.”

Lánàá, Junie ti ìbọn náà ṣubú. Clint gbé e, ó fa irin rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọta kan sì já bọ́. Sípíríǹgì inú ìbọn náà ti gbó, kò lè ti ọta yẹn jáde tẹ́lẹ̀.

Síbẹ̀, ó dá ìbọn náà padà sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó ní, “Ibẹ̀ ni Bàbá ń gbé tirẹ̀ sí.”

Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé òkè àjà ni Bàbá gbé ìbọn tirẹ̀ sí nígbà tí Clint ń rákò. Òun ò lè rántí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é, ẹ sọ fún un.

Olúwa á ṣọ́ yín nínú yìnyín. Ọta yẹn ṣì wà lápò mi.

Tessa, aya àbúrò yín