Ohùn Mi Ni Àwọn Oníkarawun Yín Gbọ́

Oyinkán ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Scarborough ní Kánádà níbẹ̀? Ṣé òtútù ò tíì gbé ọ mì? Àwa ńbí ò rí ibi o, ìwọ náà ò ní rí i, o ò sì ní fẹsẹ̀ kọ níbi tí ojú mi ò tó. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ọ̀kan lágídí bíi tìẹ gẹ́lẹ́.

Fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Bíọ́lá àbúrò rẹ, mo rí i. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ bú sí. Kúlà tí wọ́n fi ń gbé yìnyín, ike omi tí ẹ gé lórí, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tí ẹ fi ṣe asẹ́! Mo ní, ṣé ohun tá a torí ẹ̀ ta ilẹ̀ kòkó nìyí? Àfìgbà tí Bíọ́lá ṣàlàyé pé ẹ̀rọ ilé ìwé yín ò kárí, pé ìwọ àti Bọ́ládé ọ̀rẹ́ rẹ lẹ fọwọ́ ara yín dọ́gbọ́n ṣe tiyín, kí ẹ lè wo bí àwọn ẹran oníkarawun inú òkun ṣe ń fa omi ìdọ̀tí mu tí wọ́n á sì tu omi mímọ́ jáde. Ni mo bá nu ojú mi nù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn káàkiri àdúgbò.

Àfi bó o ṣe pè tó ò ń fohùn ẹkún sọ pé àwọn oníkarawun náà ti pa ẹnu dé, wọn ò mu nǹkan kan, pé bí wọn ò bá yanu kí ọ̀gá yín tó dé lọ́jọ́ Fúráìdé, o máa fi ilé ìwé sílẹ̀, o máa lọ gba iṣẹ́ shift níbi tí wọ́n ti ń ru páálí ní Brampton. Háà! Mo bi ọ́ pé ta ló kí wọn káàbọ̀ nígbà tí wọ́n dé? Oyinkán, àlejò mà ni wọ́n! Láti inú òkun wá sínú kúlà, ẹ ń tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú, ẹ ń fi ṣíbí gún wọn nílé onílé. Ta ló máa jẹun nírú ilé bẹ́ẹ̀?

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ̀rọ̀ sínú fóònù, tí Bíọ́lá sì fi ohùn mi ránṣẹ́ sí ọ. Mo kí wọn kú ewu ọ̀nà, mo bèèrè ìyá wọn, mo ní kí wọ́n má bínú, ọmọ mi ò burú, kò kàn mọ àlejò ṣe ni. Mo ní kí ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà, kí ẹ paná, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n títí màá fi sọ̀rọ̀ tán. O sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi kì í tètè tán.

Wọ́n yanu! Gbogbo wọn! Omi mọ́ gaara, ẹ yege! O ní ọ̀gá yín sọ pé òkùnkùn àti bí ẹ ò ṣe fọwọ́ kàn wọ́n ló jẹ́ kí wọ́n yanu. Bá mi kí i o, òun ni ò gbọ́ Yorùbá. Ẹ̀rín tó o rín lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, mo gbé e sétí bàbá rẹ kí òun náà gbọ́. Láti ìgbà tó o ti lọ, “I’m fine, Mummy” nìkan lò ń sọ fún mi, mo ti rò pé ẹ̀rín ti tán lára rẹ. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó.

Wàyí o, iṣẹ́ ni mo ṣe fún ilé ìwé yín, kí wọ́n fowó mi ránṣẹ́, mo fẹ́ fi tún òrùlé ilé ìdáná ṣe kí òjò tó dé. Bí wọn ò bá ní, kí ìwọ bá wọn san án.

Ọlọ́run á fi ẹni tó máa kí ọ káàbọ̀ síwájú rẹ níbi gbogbo tó o bá dé. Lọ́jọ́ tí kò bá sì sẹ́nì kankan, pè mí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.