Àwọn Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbà Síṣẹ́

Ajah,
Ọjọ́ Ajé.

Màámi,

Ẹ kú ilé, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi dá ṣáṣá. Ẹ má wo bí ìwé yìí ṣe rí wúruwùru. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ọ́, torí búlọ́ọ̀kù kan já lé ọwọ́ ọ̀tún mi níbi iṣẹ́ tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó ti ń san.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá, pásítọ̀ ka ìtàn baba olóko àjàrà tó ń gba lébìrà láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tó sì san iye kan náà fún gbogbo wọn. Ó béèrè ìdí tí àwọn tó dé kẹ́yìn fi pẹ́. Ọkùnrin kan ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àárọ̀ ni wọ́n ti dúró sí oríta, bí èmi náà ṣe ń dúró. Kò sẹ́ni tó gbà wọ́n síṣẹ́ ni."

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yíjú wò mí. Ojú tì mí, mo jókòó.

Nígbà tí a jáde, Àǹtí Rẹ̀míláyọ̀, tó ń kọ́lé ní Igbó Ẹfọ̀n, pè mí. "Láti ìgbà wo lo ti ń dúró?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mà."

Wọ́n wo ọwọ́ mi. "Ṣé o lè fi ọwọ́ kan bu omi sí búlọ́ọ̀kù kó lè le dáadáa?"

Àárọ̀ yìí ni mo bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún wa lóúnjẹ ọ̀sán, mo sì jẹ ẹ́ tán pátápátá.

Ẹ sọ fún Ìrètí ìyàwó mi pé kó má tíì máa bọ̀. Yàrá mi kò tíì ní ilẹ̀kùn. Ẹ bá mi gbé ọmọ wa mọ́ra. Ẹ kí gbogbo ará ilé, ẹ ní mo ti sanra.

Ọmọ yín,
Gbádégẹṣin