Ará Dordrecht Fẹ́ Fẹ́ Ọmọ-Ọmọ Mi

                                        Ilé Rẹ̀mílẹ́kún,
                                        Grayson, Georgia,
                                        Amẹ́ríkà.
                                        15 Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Láńrewájú, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Nǹkan mẹ́ta ni kò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ mẹ́sàn-án: ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ilẹ̀kùn gáréèjì tí wọn kì í tì nílé yìí, àti ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Dordrecht ní ilẹ̀ Họ́láńdì. Méjì àkọ́kọ́ ti mọ́ mi lára. Ẹ̀kẹta ni mo fi ń kọ̀wé sí ọ.

Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé ojú ìyàwó rẹ ti ń ríran dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ? Rẹ̀mílẹ́kún ọmọ mi ń kí yín. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kó fìdí kalẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ àgbà, Nífẹ́mi, ló mú òyìnbó kan wálé, Pieter, ọmọ bíbí Dordrecht. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Atlanta, wọ́n sì fẹ́ ṣègbéyàwó. Nífẹ́mi ní bí mo bá kọ̀, òun á fi í sílẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù: bí mo bá ṣì í mú, ayé ọmọ ni mo bà jẹ́.

A kì í fọmọ fún ẹni tí a kò wádìí ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni mo mọ̀ ní Họ́láńdì? Mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sí láíbìrì ní Lawrenceville, mo yá ìwé ìtàn ìlú náà.

Ohun tí mo kà kò tù mí lára. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ará ilẹ̀ yẹn fi bá ara wọn jà. Ẹgbẹ́ kan ń jẹ́ Ìwọ̀, èyí tí a fi ń pẹja, èkejì ń jẹ́ orúkọ ẹja òkun kan. Ní 1418, ọmọ ogun dó ti Dordrecht. Ní 1421, omi òkun ya, ó gbé àwọn abúlé tó yí i ká lọ. Ní 1481, ọkọ̀ ojú omi tó kó igi wọ èbúté wọn. Àwọn ọmọ ogun ló fara pa mọ́ sábẹ́ igi, bẹ́ẹ̀ ni ìlú ṣe bọ́ sọ́wọ́ wọn. Nígbà tí Pieter gbé páálí ọsàn wá fún mi lọ́jọ́ Àìkú, mo kọ́kọ́ yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò.

Mo bi í bóyá Ìwọ̀ ni ilé bàbá rẹ̀ àbí Ẹja. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ̀, kẹ̀kẹ́ ni bàbá òun ń tún ṣe. Láńrewájú, ta ni kì í mọ ẹ̀yìn ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ wà lójú ogun? Ó ń fi nǹkan pa mọ́.

Nífẹ́mi wá dá sí i pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó ń yẹ̀ lẹ́nu: "Grandpa, ṣebí Ìbàdàn bá Ìjẹ̀ṣà jagun ní Kírìjì? Ìjẹ̀ṣà kọ́ ni Grandma? Àbí ẹ ò mọ̀ kí ẹ tó fẹ́ wọn ni?" Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Mo rántí bàbá Fúnkẹ́ ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Kò ṣí ìwé kankan kí ó tó fọmọ fún mi. Ó wọkọ̀ láti Iléṣà wá sí Ìbàdàn, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń wo bí bàbá mi ṣe ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Ìwọ lo bu omi fún un.

N kò tíì fọkàn tán Pieter. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Màá lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ní Dordrecht fún ọjọ́ mẹ́ta, kí n wo ọwọ́ tó fi ń mú ìyàwó rẹ̀. Ohun tí mo bá rí níbẹ̀ ni màá sọ fún Nífẹ́mi.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá, ni màá gbéra.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tọkàntọkàn,
Olúdáre Oyèwùmí