Èémí Tí Ẹ Ní N Kò Ní

Bàbá mi, ẹni tí mò ń bẹ̀rù tí mo sì ń fẹ́,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kò mọ̀wé, n kò sì mọ ẹni tí yóò ka èyí fún yín níbi tí ẹ wà. Ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ ọ́ fún yín, ta ni n ó sọ ọ́ fún? Mo fun kàkàkí ọba ní tésàn rélùweè Ẹdẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èmi ni o, kì í ṣe Làmídì. N kò sì di ọ̀já mọ́kùn.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀já yẹn ni yóò kọ́kọ́ bí yín nínú. Láti ìgbà baba yín, ẹni tó bá fẹ́ fun kàkàkí nílé wa gbọ́dọ̀ fi ọ̀já di ikùn pinpin, kí èémí má baà sá lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń dì í fún mi. Ẹ ó fi orúnkún tì mí lẹ́yìn, ẹ ó fà á títí ojú mi yóò fi fẹ́ẹ̀ yọ. Ẹ ó wá gbé igbá omi síwájú mi, ẹ ó fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ sí mi lẹ́nu, pé kí n máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi náà, kó máa hó, kó má dákẹ́ títí ẹ ó fi jẹ obì kan tán. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń jẹ obì náà? Díẹ̀díẹ̀ ni, bí ẹni tó ń lo oògùn, ẹ ó sì máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí. N kò bá yín dé ìdajì obì rí. Ikọ́ á gbé mi, omi á dákẹ́.

Ìgbà tó yá, ẹ pe gbogbo agboolé jọ, ẹ gbé kàkàkí fún Làmídì, ọmọ àbúrò yín. Ẹ ní, “Ọmọ tèmi kò ní èémí.” Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ sọ ọ́. Àwọn ọmọdé fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ mi títí wọ́n fi dàgbà. Ó dùn mí, Bàbá. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Mo lọ ń ṣiṣẹ́ nílé àgbẹ̀dẹ, èmi ni mo ń fi ẹwìrì fínná. Ẹ rò pé mo ti gba kádàrá. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ẹ kò rí. Àpò méjì ni ẹwìrì ní. Bí ọ̀kan bá ń tú afẹ́fẹ́ síná, èkejì ń gbà á wọlé, iná kò sì mọ ìgbà tí a mí. Ta ló wá máa fi okùn so irú àpò bẹ́ẹ̀ pinpin, tí yóò tún ní kó fẹ́? Mo tú ọ̀já. Mo jẹ́ kí ikùn mi wú bó ṣe fẹ́. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bá ń tú èyí tó wà lẹ́nu jáde, imú mi ń fa tuntun wọ ikùn. Àràárọ̀ ni mò ń gbé igbá omi síwájú, ọdún méjì gbáko. Ikọ́ náà kò lọ tán, ṣùgbọ́n ó kọ́ láti dúró de àyè. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi alágbẹ̀dẹ bá mi jẹ obì kan tán, omi ṣì ń hó.

Mo fẹ́ wá sọ fún yín. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àìsàn dá yín wólẹ̀. Ẹ̀yin tí ohùn kàkàkí yín ń dé ìdí odò Ọ̀ṣun, èémí yín kò gbé ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ mọ́. Èmi ni mo gbé yín jókòó, tí mo fi àyà mi ti ẹ̀yìn yín. Kí ló dé tí n kò sọ? Bóyá ojú ló tì mí láti máa mí dáadáa lójú yín.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, Làmídì bá àwọn tó ń ṣe ọ̀nà rélùweè lọ sí Òkè Ọya. Kàkàkí wà lórí àjà títí òyìnbó ajẹ́lẹ̀ fi ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀, kí Kábíyèsí pàdé òun ní tésàn. Ẹ̀gbọ́n yín gbé kàkàkí sọ̀kalẹ̀, ó gbé ọ̀já yín lé e fún mi. Ó ní bí ohùn bá já kí ọba tó jókòó, ilé wa kò ní fun kàkàkí fún ọba Ẹdẹ mọ́. Mo so ọ̀já náà mọ́ ọrùn. Ó wò mí títí, ó mirí.

Kábíyèsí sọ̀kalẹ̀ lórí ẹṣin, mo bẹ̀rẹ̀. Àṣé àga kan ṣoṣo ni wọ́n gbé síta, òyìnbó sì ti jókòó sí i. Kábíyèsí dúró. Wọ́n gbé àpótí kékeré kan wá, kò wò ó. Tápítà tó ń túmọ̀ fún òyìnbó bọ́ síwájú mi, ó ní, “Ọ̀gá ní ó tó.” Mo ń fun ún. Ó tún un sọ, ó gbé ọwọ́ sókè. Mo wo ojú rẹ̀, mo ń fun ún. Wọ́n sáré lọ wá àga míì. Bàbá, ó pẹ́ ju obì mẹ́ta lọ. Ikọ́ gun ọ̀fun mi, mo gbé e mì. Nígbà tí àga dé, Kábíyèsí tún ń tún aṣọ rẹ̀ ṣe, bí ẹni tí kò mọ̀ pé mò ń kú lọ. Ó wá jókòó.

Èémí ṣẹ́kù sí mi nínú. Mo fi fun orúkọ yín lẹ́ẹ̀kan, kí n tó gbé kàkàkí kúrò lẹ́nu.

N kò tọrọ àforíjì nítorí ọ̀já. N kò ní dì í mọ́kùn láéláé, n kò sì ní dì í mọ́ ọmọ mi kankan. Igbá omi yín wà nílé. Àwọn ọmọ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láràárọ̀, èmi ni mo ń jẹ obì. N kì í yára jẹ ẹ́.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì ní èémí.